Mímí síta gan-an ni ó nira fún ẹni tí ikọ́ fée ń bá jà

Ẹ kú làásìgbò ọmọ. Ẹ béèrè ìdí tí àyà ọmọ yín ọlọ́dún mẹ́jọ fi máa ń súfèé nígbà tí ó bá ń mí síta, àti bóyá ó tọ́ kí ẹ máa fún un ní epo pupa mu gẹ́gẹ́ bí ìyá ọkọ yín ti wí. Èmi kì í ṣe dókítà o. Ẹja ni mo ń yan ní Ẹ̀pẹ́, láti kékeré sì ni ikọ́ fée, tí àwọn mìíràn ń pè ní ásímà, ti ń bá mi fínra.

Ó pẹ́ tí mo fi rò pé afẹ́fẹ́ ni kò ráyè wọlé, nítorí náà bí ó bá ti dé, ńṣe ni mo máa ń já afẹ́fẹ́ gbà kíkankíkan, ó sì máa ń burú sí i. Nígbà tí a bá ń mí sínú, iṣan pẹrẹsẹ tí ó wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró máa ń fà wálẹ̀, egungun ìhà máa ń gbé sókè, àyà á fẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì gba imú wọlé, níbi tí imú ti ń mú un lọ́wọ́ọ́wọ́ tí ó sì ń sẹ́ eruku inú rẹ̀, kí ó tó gba ọ̀fun lọ sínú ọ̀nà èémí tí ó pín sí méjì, tí ó sì tún ń pẹ̀ka bí ẹ̀ka igi títí yóò fi kan àwọn àpò tíntìntín inú ẹ̀dọ̀fóró, tí iye wọn lára àgbàlagbà ju mílíọ̀nù 300 lọ. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń gba ọ́síjìn, tí ó sì ń da afẹ́fẹ́ tí ara ti lò tán sílẹ̀. Mímí síta ní tirẹ̀ kì í sábà gba agbára: iṣan náà á kàn dẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró á sún kì bí rọ́bà tí a fà tí a sì jọ̀wọ́ rẹ̀.

Àmọ́ bí ikọ́ fée bá gbé e dé, iṣan tí ó yí àwọn ọ̀nà kéékèèké wọ̀nyẹn ká á fún mọ́ra, inú wọn á wú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí ó ki á sì dí wọn. Bí ọmọ bá mí sínú, àyà tí ó fẹ̀ á fa ọ̀nà náà ṣí díẹ̀. Bí ó bá mí síta, ọ̀nà á tún há sí i, afẹ́fẹ́ tí ó ń fi agbára la ibi híhá náà kọjá ni ẹ̀ ń gbọ́ bí súfèé. Èyí tó wà nínú kò tíì jáde tán tí òmíràn fi ń wọlé, bí bọ́ọ̀sì gáréèjì tí èrò inú rẹ̀ kò rí àyè sọ̀ kalẹ̀, tí ti ìta sì ń tì wọlé. Ọkọ mi, tí ó máa ń sọ pé mo ń ṣe àṣejù, di imú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó sì ń gba inú sítíròó ọtí ẹlẹ́rìndòdò mí. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí ó fi jù ú nù, kò sì tún sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ní ti epo pupa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á sẹ́nu ọmọ tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bí èèyàn bá fẹ́ gbé nǹkan mì, ìdérí kékeré kan máa ń bo ọ̀nà èémí. Ẹni tí ó ń já èémí gbà kò ráyè dúró dè é, epo lè bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ọ̀ràn mìíràn ni ìyẹn. Ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹ̀lú, ẹ jẹ́ kí ó jókòó, kí ó tẹ̀ síwájú díẹ̀.

Odidi ọdún méjì ni mo fi ń fín ínhélà, ìyẹn oògùn ikọ́ fée tí a ń fà sínú ẹ̀dọ̀fóró láti ẹnu, bí ẹni ń fín lọ́fínńdà, orí ahọ́n ni oògùn náà ń dúró sí, kíkorò rẹ̀ nìkan ni mo ń jẹ. Nọ́ọ̀sì kan ló kọ́ mi: mi ín pọ̀, mí síta tán ná, fi ètè pa á mọ́, tẹ̀ ẹ́ bí o ti ń rọra fà á sínú, kí o sì sé èémí bí ìṣẹ́jú àáyá 10. Fún ọmọdé, ẹ béèrè ike oníhò tí wọ́n ń fi sẹ́nu ínhélà. Ó rọrùn jù. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kò bá lè sọ gbólóhùn kan parí, tí awọ ìhà rẹ̀ ń wọnú, tí ètè rẹ̀ ṣú, tàbí tí súfèé náà ṣàdédé dákẹ́ nígbà tí ìnira kò dínkù, ilé ìwòsàn ni kíá; ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn kì í ṣe àlàáfíà, afẹ́fẹ́ ni kò kọjá mọ́.

Ẹ ní ẹ̀yìn ilé ni ẹ ti ń dáná igi. Inú ọ̀nà èémí ní àwọn irun tí ojú kò lè rí, tí ń gbá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti ìdọ̀tí gòkè wá sí ọ̀fun, èéfín sì máa ń mú wọn rọ. Èmi kò fi ẹja yíyan sílẹ̀, nítorí òun ni oúnjẹ wa, ṣùgbọ́n mo ti gbé ààrò kúrò lábẹ́ fèrèsé yàrá, mo sì máa ń dúró síhà tí atẹ́gùn ọ̀sà ti ń fẹ́ wá, kí èéfín lè máa lọ níwájú mi. Ínhélà mi wà nínú àpò kan náà tí mo ń kó owó ẹja sí.