Àáfà, ṣé mo lè máa tẹ̀lé agbo orin àti eré ìtàgé káàkiri Èkó?

Ìbéèrè: As-salāmu alaykum, Àáfà wa. Ọmọ kéwú yín àtijọ́ ni mí, Súrùlérè ni mo ń gbé. N kì í mutí, n kì í ṣe oníranù. Ohun tó ń fún mi nísinmi lẹ́yìn iṣẹ́ ni kí n lọ wo olórin lójúkojú: Freedom Park, MUSON ní Oníkan, Shrine ní Agídíngbí, àti eré ìtàgé ní gbọ̀ngàn Igànmú. Ó ń tó ẹ̀ẹ̀mẹrin lóṣù. Ìyàwó mi ní hàrámù ni, ọ̀rẹ́ mi ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Wa alaykumu s-salām wa rahmatullāh. Ọmọ mi, kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́: ìdí ìlù lèmi náà ti dìde. Mushin ni mo dàgbà sí, wéré la sì fi ń jí àdúgbò fún sààrì. Agogo kan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan, agolo tí a fi igi lù, ó ti parí. Bàbá mi kì í bá mi wí bí mo bá jáde lóru ààwẹ̀. Ìgbà tí ọdún Ìtùnú bá kọjá, tí mo ṣì ń kọrin kiri, ni pàṣán máa ń dé. Inú wéré yìí ni Sikiru Ayinde Barrister ti fa fújì yọ, òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé àwòrán òkè Fuji ilẹ̀ Japan ni òun rí ní pápákọ̀ òfuurufú tí òun fi sọ ọ́ lórúkọ. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ní “orin mùsùlùmí ni fújì,” ẹ̀rín ni mo máa ń rín. Inú sààrì ni wọ́n bí i sí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tó ń sùn lónìí, ìwọ náà mọ̀ ọ́n.

Ìyàwó rẹ ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ó wà nínú Súrà Lukmọ́ọ̀nù, āyà kẹfà, pé àwọn kan wà tí ń ra ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ láti fi ṣi èèyàn lọ́nà. Ibn Mas‘ūd, ọ̀kan nínú Sàábà (àwọn ẹmẹ̀wà Ànábì), búra pé orin ni. Hádíìsì ohun èlò orin tún wà nínú Bukhari, èyí tó so ohun èlò orin pọ̀ mọ́ àgbèrè, ṣẹ́dà àti ọtí. Imám Mọ́líkì pàápàá, tí ọ̀nà rẹ̀ là ń tọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, wọ́n bi í nípa orin, ó ní àwọn pòkíì, àwọn oníwàkiwà, nìkan ló ń ṣe é lọ́dọ̀ àwọn.

Ọ̀rẹ́ rẹ náà kò wá lọ́wọ́ òfo. Lọ́jọ́ ọdún, àwọn ọmọbìnrin méjì ń kọrin, wọ́n ń lu ìlù nínú yàrá ìyá wa Áíṣà, ìyàwó Ànábì. Abū Bakr kígbe mọ́ wọn, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kí ó fi wọ́n sílẹ̀, pé gbogbo ìjọ ló ní ọjọ́ ọdún tirẹ̀. Àwọn ará Habash (Ethiopia) sì fi ọ̀kọ̀ ṣeré nínú mọ́sálásí, Áíṣà ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn èjìká Ànábì títí ó fi sú òun fúnra rẹ̀. Imám Ghazālī kọ ọ̀rọ̀ gígùn lórí èyí nínú ìwé rẹ̀, Ihyā. Kò ka orin lásán sí èèwọ̀, ohun tó bá yí i ká ló ń wò.

Èmi, ìlù yìgì àti ti ọdún ni mo mọ̀, n kì í kọjá ibẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní pe ohun tí àwọn onímọ̀ fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ ní hàrámù paraku lórí ẹni tó tẹ̀lé àwọn tó gbà á láàyè. Ibi tí ẹjọ́ tìrẹ wà gan-an, o kò bi mí.

Wọ́n kọ ọ́ sára tíkẹ́ẹ̀tì pé aago méje alẹ́. Nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Eko Bridge, o kúrò nílé ní márùn-ún. Mágàrìbà Èkó kì í kọjá nǹkan bí aago méje látọdúndọ́dún. Orí afárá ló bá ọ, tàbí ẹnu ọ̀nà níbi tí wọ́n ti ń fi ońtẹ̀ sí ọ lọ́wọ́. Olórin aago méje, ṣé ká ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tan ara wa ni? Mẹ́wàá ló máa di gbohùngbohùn mú. Ìṣáì ńkọ́? O délé ní aago méjì òru, Àsùbáà dé kí aago mẹ́fà tó lù. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lóṣù.

Ṣí Súrà Jímọ̀, āyà kọkànlá. Ànábì ń ṣe kútúbà (ìwàásù Jímọ̀) lọ́wọ́, àwọn oníṣòwò wọ̀lú pẹ̀lú ìlù, àwọn èèyàn sì tú jáde lọ bá wọn, wọ́n fi í sílẹ̀ lórí ìdúró. Nǹkan bí ọkùnrin méjìlá ló kù. Sàábà ni àwọn tó jáde o! Ọjà tí wọ́n lọ rà kì í ṣe èèwọ̀. Kí ìwọ wá lọ ka ìrun tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

Ohun kejì: Ànábì dúró kí Áíṣà lè wo eré, ìwọ ń lọ wò ó, o fi tìrẹ sílé. Ṣé hàrámù ni ìyàwó rẹ ń bínú sí lóòótọ́, àbí alẹ́ Sátidé tó ń dá jókòó?

Shrine, fi í sílẹ̀. Fẹlá kò bò ó, ojúbọ ló pe ti tirẹ̀, orúkọ yẹn náà ni àwọn ọmọ rẹ̀ fi sọ ti Agídíngbí. Ànábì sì kọ̀ fún wa láti jókòó sídìí tábìlì tí ọtí ti ń yí ká. Eré ìtàgé rọrùn lójú mi ju ijó òru lọ, nítorí ìtàn àti ọ̀rọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Gbọ̀ngàn Igànmú tí wọ́n kọ́ de FESTAC 1977, tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè ní 2024, bí eré bá wà níbẹ̀ lọ́sàn-án, èmi kò ní dí ọ lọ́nà. Àmọ́ èyí tí wọ́n bá ti ń bọ òrìṣà lórí ìtàgé tàbí tí wọ́n ń fi ènìyàn ṣe ànábì, dìde kúrò níbẹ̀.

Ọ̀kan péré lóṣù, àti ti ọ̀sán. Bí ó bá jẹ́ aago mẹ́ta, Alásárì nìkan ló máa wọlé sí ọ lára: ṣe àlùwàlá wá láti ilé, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, jáde lọ kí i, kí o padà wọlé. Má kó ìrun méjì pọ̀ nítorí agbo orin; o kì í ṣe arìnrìn-àjò láti Súrùlérè sí Oníkan. Bí ó bá sì di dandan pé Freedom Park ni lálẹ́ (ọgbà ẹ̀wọ̀n òyìnbó ni mo ṣì ń pè é), tètè jáde, kí o kí Mágàrìbà ní Mọ́sálásí Àpapọ̀ ní Nnamdi Azikiwe kí o tó sọ̀ kalẹ̀ lọ síbẹ̀. Ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì. Bá mi kí ìyàwó rẹ.

Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.