Ọmọ mi ní ẹ̀tọ́ òun ni, ó lóun ò fọ abọ́

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n kọ́ ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 12, ní ẹ̀tọ́ ọmọdé ní sùkúù, látìgbà yẹn mi ò gbádùn nínú ilé mi mọ́. Tí n bá ní kó fọ abọ́, á ní ẹ̀tọ́ òun ni kóun ṣeré. Mo gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní mo ń fẹ̀tọ́ òun du òun. Níjọ́ kan inú bí mi débi pé mo sọ fún un pé ọmọ tí ò bá ṣe ojúṣe ẹ̀ ò lẹ́tọ̀ọ́ kankan, pé mi ò ní sanwó sùkúù ẹ̀ mọ́. Bàbá wọn ní ọ̀rọ̀ yẹn ti le jù, àwọn àbúrò ẹ̀ ọkùnrin méjèèjì, ọmọ ọdún 10 àti 9, sì ń gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ṣé mo jẹ̀bi ni? – Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta

ÈSÌ: Mọ́mì wa, ẹ pẹ̀lẹ́. Kéèyàn ti ibi iṣẹ́ dé tó ti rẹ̀ ẹ́, kó bá abọ́ nílẹ̀, kí ọmọ tó bí tún wá máa ka òfin sí i létí, ó le lóòótọ́. Àmọ́ òótọ́ ni bàbá wọn sọ. Ẹ̀tọ́ ọmọ kì í ṣe owó oṣù tá a ń san fún un tó bá ṣiṣẹ́ dáadáa, ọmọ tí wọ́n bí lánàá gan-an ti lẹ́tọ̀ọ́, iṣẹ́ wo lòun tíì ṣe? Àdéhùn lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí lọ́dún 1989, gbogbo abala ẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 54, kò síbi kankan níbẹ̀ tí wọ́n ti ní kí wọ́n gba ìwé kíkà lọ́wọ́ ọmọ torí pé ó ya ọ̀lẹ. Tí ẹ bá fẹ́ bá a wí, ẹ dín àkókò tó ń lò nídìí fóònù kù, abala 5 fún òbí láyè láti tọ́ ọmọ sọ́nà bí òye ẹ̀ bá ṣe ń dàgbà, kò sì síbi tí wọ́n ti dárúkọ fóònù pé ó jẹ́ ẹ̀tọ́. Àmọ́ sùkúù, oúnjẹ, ìtọ́jú tára ẹ̀ ò bá yá, ẹ má fi ìyẹn halẹ̀ mọ́ ọn láé. Mo bẹ̀ yín, ẹ padà lọ bá a, ẹ sọ fún un pé inú ló bí yín, pé ọ̀rọ̀ owó sùkúù yẹn ò tọkàn yín wá.

Ọmọ náà ò mọ̀ tán ṣá o. Abala 31 ló ní kó ṣeré kó sì sinmi, òótọ́ ni, àmọ́ iṣẹ́ tí wọ́n kọ̀ ní abala 32 ni èyí tó lè pa á lára tàbí tó ń dí ìwé ẹ̀ lọ́wọ́, ogún ìṣẹ́jú nídìí abọ́ ò sí nínú ìyẹn. Ìwé àdéhùn ti ilẹ̀ Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé náà wà, 1990 ni wọ́n fọwọ́ sí i, ẹ sì wò ó, abala 31 tiẹ̀ gan-an ni wọ́n kọ ojúṣe ọmọ sí: kó bọ̀wọ̀ fún òbí àtàgbà, kó ràn wọ́n lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá nílò ẹ̀, kó má jẹ́ kí ilé tú. Wọ́n wá fi kún un pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ níwọ̀n ọjọ́ orí àti agbára ẹ̀. Ẹ jọ kà á pa pọ̀.

Ohun kan ṣì wà tó ń dùn mí nínú lẹ́tà yín. Àwọn ọkùnrin méjèèjì yẹn ńkọ́, ta ló ń ní káwọn fọ abọ́? Tó bá jẹ́ pé obìnrin nìkan lẹ̀ ń pè tí abọ́ bá ti dọ̀tí, ẹjọ́ ọmọ yín ti ń tọ́ díẹ̀, torí abala 2 nínú àdéhùn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ò gbà kí wọ́n fi jíjẹ́ obìnrin yà á sọ́tọ̀. Ọmọ ọdún 9 lè fọ abọ́ dáadáa. Ẹ pín in, kí wọ́n jọ bá yín jókòó pín in ni o, ẹ má dá a pín fún wọn. Ẹ óò rí i pé ọmọ tí wọ́n gbọ́ tẹnu ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ jiyàn.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ọmọ ọdún 14 ni mí. Dádì àti mọ́mì mi ti kọ ara wọn, wọ́n fẹ́ lọ sọ́dọ̀ adájọ́ lórí ẹni tí màá máa bá gbé, kò sẹ́ni tó bi mí. Ṣé mo lè sọ̀rọ̀?

ÈSÌ: O lè sọ̀rọ̀, ọmọ mi. Abala 12 nínú Àdéhùn lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní kí wọ́n gbọ́ tẹnu ọmọ lórí ohun tó bá kàn án, pàápàá níwájú adájọ́, kí wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀ wò bí ọjọ́ orí ẹ̀ bá ṣe tó. Ìyẹn ò sọ pé ohun tí o bá sọ ni wọ́n máa ṣe, àwọn àgbà ló ṣì máa pinnu. Tìẹ ni kó o sọ òótọ́, má ba ẹnì kankan jẹ́ torí àtigbè sẹ́yìn èkejì. Tí ẹnì kan bá ń kọ́ ẹ lóhun tí wàá sọ, sọ ìyẹn náà fún adájọ́. Tó bá jẹ́ pé o fẹ́ràn àwọn méjèèjì tí o ò lè mú ọ̀kan, sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fipá mú ẹ yàn. Kọ ọ́ sínú ìwé kó o tó lọ, torí ẹkún lè gbà ẹ́ lẹ́nu níbẹ̀.