Ìbéèrè Yín fún Màmá Nọ́ọ̀sì: Irun Tó Ń Hù Lójú Obìnrin

Ìbéèrè: Màmá Nọ́ọ̀sì, mo kí yín o, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ọdún 23 ni mí, mo ń kàwé ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún 16 ni irun ti ń hù sí mi ní àgbọ̀n àti ọrùn, ó le, ó sì dúdú bíi ti ọkùnrin. Abẹ ni mo fi ń fá a láràárọ̀ kí àwọn tí a jọ ń gbé yàrá tó jí, n ó sì wá fi àtíkè bo àwọn àmì dúdú tó wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní abẹ náà ló ń mú kí ó nípọn sí i. Màmá mi ní kí n fọkàn balẹ̀, pé bẹ́ẹ̀ ni ìyá tiwọn náà ṣe rí. Nǹkan oṣù mi kì í wá déédéé; nígbà mìíràn, ó máa ń tó oṣù méjì tàbí mẹ́ta kí n tó rí i, irorẹ́ sì kún ojú mi. Ọkùnrin kan fẹ́ wá mọ ilé wa, ẹ̀rù sì ń bà mí pé bí ó bá rí mi ní òwúrọ̀ kí n tó fá ojú, yóò sá. Kí ni kí n ṣe? Ṣé mo sì lè bímọ? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì)

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o ṣeun tí o kọ̀wé, nítorí ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a máa bá a dákẹ́. Irun lo béèrè, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù tí o kàn fi kún un lápá ìsàlẹ̀ ni èmi kọ́kọ́ fẹ́ mú, torí pé òun ló lè sọ ibi tí irun náà ti wá.

Kò sí obìnrin tí kò ní irun lójú. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé ojú kì í tètè rí i. Ohun tó ń sọ ọ́ di líle àti dúdú ni họ́mọ́ọ̀nù (èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń darí iṣẹ́ ara) tí a mọ̀ mọ́ ọkùnrin, èyí tí ara obìnrin náà ń ṣe ní ìwọ̀nba nínú ilé ẹyin àti nínú ẹṣẹ́ (gland) kékeré tó wà lórí kíndìnrín. Bí họ́mọ́ọ̀nù yìí bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, irun yóò hù sí ibi tí a ti ń rí i lára ọkùnrin: ètè òkè, àgbọ̀n, àyà, ìsàlẹ̀ ìdodo. Ó sì wà pé kí họ́mọ́ọ̀nù náà má pọ̀ jù rárá, kí ó jẹ́ pé gbòǹgbò irun ẹni náà ló ń tètè gbọ́ràn sí ìwọ̀nba tó wà, èyí sì sábà máa ń jẹ́ ti ìdílé. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ màmá rẹ kì í ṣe irọ́, àmọ́ kò parí ọ̀rọ̀ náà.

Irun líle, irorẹ́ àti nǹkan oṣù tó ń fo oṣù kọjá: bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé lára ẹnì kan, ohun tí dókítà kọ́kọ́ máa ń fura sí ni PCOS (polycystic ovary syndrome), ìṣòro họ́mọ́ọ̀nù àti ilé ẹyin, èyí tó jẹ́ olórí ohun tó ń fa irú irun bẹ́ẹ̀ lára obìnrin. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó wà lára nǹkan bí obìnrin 10 sí 13 nínú 100 tó wà ní ọjọ́ orí ọmọ bíbí, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì mọ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹyin yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà nínú ilé ẹyin, ṣùgbọ́n yóò dúró lójú ọ̀nà láì jáde. Bí ẹyin kò bá sì jáde, nǹkan oṣù kò ní wá lásìkò. Lára ọ̀pọ̀ àwọn tó ní in, ínsúlínì, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, máa ń pọ̀ jù, òun náà yóò sì máa ti ilé ẹyin pé kí ó túbọ̀ ṣe họ́mọ́ọ̀nù tó ń hu irun. Ìdí nìyí tí àwọn tó ní PCOS fi gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ìtọ̀ ṣúgà.

N kò lè jókòó sídìí lẹ́tà kí n sọ pé òun ló ń ṣe ọ́. Lọ rí dókítà tó ń tọ́jú obìnrin, yálà ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni tó wà ní Adó tàbí èyí tó wà ní Ìdó-Èkìtì. Kí o tó lọ, kọ ọjọ́ tí o rí nǹkan oṣù rẹ láti bí ọdún kan sẹ́yìn sílẹ̀, bí o bá ṣe rántí rẹ̀ mọ. Ìwé kékeré yẹn yóò wúlò fún dókítà ju àlàyé gígùn lọ. Wọn yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò fún họ́mọ́ọ̀nù àti ṣúgà, wọ́n sì lè fi sìkáànù wo ilé ẹyin rẹ. Mo sì bẹ̀ ọ́, má fá irun náà fún ọjọ́ bíi mélòó kan ṣáájú, kí wọ́n lè rí ohun tí o ń sọ. Mo mọ̀ pé ìyẹn ló máa le jù fún ọ nínú gbogbo ohun tí mo sọ. Ìbòjú tí àwọn ènìyàn ń lò bí òtútù bá mú wọn lè bá ọ bo àgbọ̀n dé ibẹ̀.

Ní ti ọmọ bíbí, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà ọ́. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní PCOS ló ti bímọ, àwọn kan láì lo oògùn kankan, àwọn mìíràn pẹ̀lú oògùn bíi letrozole tó ń mú kí ẹyin jáde. Má sì rò pé nítorí pé nǹkan oṣù rẹ kì í wá déédéé, o kò lè lóyún láìròtẹ́lẹ̀, torí pé kò sí ẹni tó mọ oṣù tí ẹyin yóò jáde. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí o jẹ́ kí nǹkan oṣù máa wọ́n fún ìgbà pípẹ́ láì rí dókítà, nítorí awọ inú ilé ọmọ yóò máa nípọn sí i láì bọ́, èyí sì lè di jẹjẹrẹ bí ọdún bá ti ń gorí ọdún.

Mo ti dé orí abẹ wàyí. Ọ̀rẹ́ rẹ kò tọ̀nà. Láti ọdún 1928 ni onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Mildred Trotter, ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí, tó sì rí i pé fífá irun kò mú kí ó nípọn tàbí kí ó yára hù. Koríko tí a fi àdá ṣán máa ń gún ẹsẹ̀ ju èyí tí a kò ṣán lọ, síbẹ̀ kò sanra sí i. Orí rẹ̀ tó ti rí kúmúkúmú ni ẹsẹ̀ ń bá pàdé. Ohun tí abẹ ń ṣe fún ìwọ ni àwọn àmì dúdú wọ̀nyẹn. Irun àwa aláwọ̀ dúdú máa ń ká. Bí a bá fá a jinlẹ̀ jù, tàbí tí a fà á tu, èyí tó bá kù sábẹ́ awọ yóò ká bí ó ti ń hù, yóò sì wọ inú ẹran padà. Ara yóò bá a jà bí ẹni bá ẹ̀gún jà, ibẹ̀ yóò wú, bí ó bá sì wálẹ̀, yóò fi àmì dúdú sílẹ̀.

Nítorí náà, fá a, ṣùgbọ́n má fá a kanlẹ̀. Fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ tó ń hó rẹ irun náà, lo abẹ tuntun, kí o sì fá a lọ síbi tí irun kọ ojú sí. Má fa awọ le, má sì padà sí ojú kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Bí o bá lè fi ẹ̀rọ kékeré tó ń gé irun dípò abẹ, tí yóò fi díẹ̀ sílẹ̀, ó tún sàn. Abẹ rẹ, tìrẹ nìkan ni. Kòkòrò HIV àti ti àrùn mẹ́dọ̀wú ń gba ojú abẹ kọjá. Ìpara tó ń yọ irun náà wà, ṣùgbọ́n ó máa ń jó awọ ojú, nítorí náà fi díẹ̀ sí apá, kí o sì dúró di ọjọ́ kejì kí o tó gbé e dé ojú. Ẹ̀mú àti ìda gbígbóná tí àwọn onísàlúùnù fi ń fà á ni n kò fẹ́ fún ọ rárá, pẹ̀lú àwọn àmì tó wà lójú rẹ yẹn, pàápàá bí ojú ọgbẹ́ bá máa ń wú di kókó lára yín.

Oògùn wà pẹ̀lú. Bí dókítà bá rí i pé PCOS ni, ó lè kọ oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró fún ọ, èyí tó ń mú kí nǹkan oṣù wá déédéé tó sì ń dín họ́mọ́ọ̀nù náà kù. Ó tún lè kọ spironolactone, tí wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú, ṣùgbọ́n aboyún kò gbọ́dọ̀ lò ó. Ohun tó yẹ kí o mọ̀ ni pé irun máa ń pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́: ó lè tó oṣù mẹ́fà kí o tó rí ìyàtọ̀. Ìpara kan wà tí wọ́n ń pè ní eflornithine, tó ń dín bí irun ojú ṣe ń yára hù kù. Oògùn yìí kan náà ni wọ́n fi ń wo àìsàn oorun tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, ìlú Áfíríkà ni ó sì ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn là. Síbẹ̀, kí ọmọ Áfíríkà tó rí èyí tí wọ́n ṣe fún ojú rà, iṣẹ́ ńlá ni. Bí o bá rí i, bí oṣù méjì ni kí o tó mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́, bí o bá sì fi í sílẹ̀, irun yóò padà.

Bí o bá ń gbèrò lésà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ jó irun, béèrè orúkọ ẹ̀rọ náà kí o tó sanwó. Dúdú tó wà nínú irun ni lésà ń wá láti jó, dúdú yìí náà ló sì wà nínú awọ wa, nítorí náà ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún òyìnbó lè jó ojú rẹ. Irú lésà tó bá awọ dúdú mu jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní Nd:YAG. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń ṣe é, owó rẹ̀ sì pọ̀. Bí o bá sì ní PCOS tí o kò tọ́jú, irun tuntun yóò tún hù.

Bí o bá sanra, dídín díẹ̀ kù nínú ìwọ̀n ara, bí i ìdá márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, lè mú kí nǹkan oṣù tún ṣe. N kò ní sọ fún ọmọ Èkìtì pé kí ó má jẹ iyán mọ́. Mo kàn ní kí òkèlè kéré, kí ẹ̀fọ́ pọ̀, kí o sì máa fẹsẹ̀ rìn. Àwọn tó ń ta àgbo “ìfọ-inú” fún PCOS lórí fóònù, má fún wọn ní kọ́bọ̀.

Ọkùnrin yẹn ńkọ́? Èrò tèmi ni pé kí o sọ fún un kí ó tó wá mọ ilé. Bí ó bá wá jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó gbà pé ìkà ni obìnrin tó ní irùngbọ̀n, ó sàn kí o mọ̀ báyìí.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Mo ń tajà ní Adó-Èkìtì, ẹni ọdún 41 sì ni mí. Mo ra ìpara tí wọ́n pò sínú ike, pé yóò mú kí ojú mi mọ́. Ojú mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n irun múlọ́múlọ́ ti wá bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì, oòrùn sì ń ta mí lójú. Nǹkan oṣù mi ń wá déédéé. (Ìyá Ọlọ́jà)

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o. Ìpara yẹn gan-an ni mo fura sí. Nínú irú àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sábà máa ń fi oògùn bíi clobetasol tàbí betamethasone sí i, tí dókítà máa ń fúnni fún àìsàn awọ fún ìgbà díẹ̀. Lójú, bí ó bá pẹ́, ó máa ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ yóò máa hàn, irun yóò sì máa hù. Ẹ má ṣe fá a, ẹ má sì ṣe ra ìpara mìíràn láti fi wo ti àkọ́kọ́. Ẹ gbé ike náà dání lọ bá dókítà awọ ara, nítorí bí ẹ bá já a lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn tó ti pẹ́, ojú lè wú kí ó sì pọ́n. Dókítà ni yóò sọ bí ẹ ó ṣe dín in kù. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ tí ẹ bá ti fi í sílẹ̀, irun náà sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ara lẹ fi ń pa, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà yín wò pẹ̀lú.

Ìbéèrè: Ẹni ọgọ́ta ọdún ni mí ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Irun funfun mẹ́ta péré ni ó wà ní àgbọ̀n mi, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ-ọmọ mi kò jẹ́ kí n gbádùn. Ṣé àìsàn ni?

Ìdáhùn: Rárá, Màmá. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dúró, họ́mọ́ọ̀nù obìnrin a dínkù, irú irun bẹ́ẹ̀ a sì máa yọjú. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì kékeré gé e. Ẹ má náwó sórí lésà, kì í rí irun funfun. Ọmọ-ọmọ yóò máa wí tirẹ̀ lọ.

Ìbéèrè: Ìyàwó àbúrò mi, ẹni ọdún 36, kò ní irun lójú rí. Láti ìgbà Àjíǹde tó kọjá, irun ti bo àgbọ̀n àti àyà rẹ̀, ohùn rẹ̀ ti ki bíi ti ọkùnrin, irun iwájú orí rẹ̀ ń já, nǹkan oṣù rẹ̀ sì dúró láì lóyún. Wọ́n ní kí a ṣe ìṣọ́ òru ọjọ́ 21 kí a tó lọ síbikíbi. (Láti Ìjerò-Èkìtì)

Ìdáhùn: Ẹ má dúró. Irun tó ti ń hù láti ìgbà ọ̀dọ́ ni a lè fi sùúrù bá lò, ṣùgbọ́n èyí tó dé lójijì, tó ń yára, tí ohùn kíki àti irun orí tó ń já sì bá a dé, lè jẹ́ pé kókó kan ló ń dàgbà nínú ilé ẹyin tàbí nínú ẹṣẹ́ orí kíndìnrín. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ òun ni, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sábà máa fi ń yọ ọ́, bí wọ́n bá sì tètè rí i, ó dára púpọ̀ jù. Ẹ lè máa gbàdúrà lójú ọ̀nà, Ìjerò sí Ìdó kò jìnnà. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni tó wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sọ fún wọn pé lójijì ni ó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ kó gbogbo oògùn àti ìpara tó ń lò dání, kí ẹ sì mú fọ́tò rẹ̀ kan tí ó yà ṣáájú Àjíǹde, kí dókítà lè fi ojú ara rẹ̀ rí bí ó ṣe yí padà.