Èsì: Kí ló lè pín 4,294,967,297?

Ẹ ní ẹ ti fi gbogbo nọ́ńbà kéékèèké dé 100 pín 4,294,967,297, kò sì sí èyí tó pín in tí kò ṣẹ́ kù, àfi 1. Ẹ tètè dúró ni. 641 pín in géérégé: 641 lọ́nà 6,700,417 ni.

Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ló tàn jẹ. Ẹ to 2 méjìlélọ́gbọ̀n kalẹ̀, ẹ sọ gbogbo wọn di púpọ̀ ara wọn, kí ẹ fi 1 kún un, òun náà nìyẹn. Fermat, onímọ̀ ìṣirò kan, gbà pé irú rẹ̀, níbi tí iye 2 tí ẹ tò bá jẹ́ 1, 2, 4, 8, 16, 32 bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kò ṣeé pín láéláé, àfi kí ẹ fi 1 tàbí òun fúnra rẹ̀ pín in. Márùn-ún tó ṣáájú rẹ̀, ìyẹn 3, 5, 17, 257 àti 65,537, kò ṣeé pín lóòótọ́. Orí ìkẹfà yìí ni ọ̀rọ̀ ti yí, Euler, onímọ̀ ìṣirò mìíràn, ló sì tú u fó ní 1732.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé: nọ́ńbà yòówù tó bá máa pín in, tí ẹ bá fi 64 pín òun náà, 1 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù. Nítorí náà, ẹ fi àwọn tí kò ṣeé pín nínú irú wọn nìkan dán an wò: 193, 257, 449, 577, lẹ́yìn náà 641. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún péré! (Ẹ tiẹ̀ lè fo 257, nítorí kò sí méjì nínú ẹbí yìí tó ní olùpín kan náà ju 1 lọ.)

6,700,417 kò ṣeé pín mọ́. Ní ti ẹni tó ní 3 á pín 4,294,967,297, ẹ ro àwọn òǹkà inú rẹ̀ pọ̀: 59. 3 ò pín 59, torí náà kò lè pín nọ́ńbà náà.