Ṣé àmì ègún ni òṣì jẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí i yín. Opó ni mí, gàrí yíyan sì ni iṣẹ́ mi. Wòlíì kan tó wá ṣe ìsọjí ní ìjọ wa sọ pé ègún ni òṣì, pé ẹni tí Ọlọ́run bá bùkún kò gbọdọ̀ ṣe aláìní. Ó ka ìtàn opó tó fi owó wẹ́wẹ́ méjì sínú àpótí ìṣúra, ó sì ní kí olúkúlùkù wa gbin irúgbìn ₦50,000. N kò ní in, mo sì fẹ́ yá a lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa. Ṣé lóòótọ́ ni n kì í ṣe alábùkún-fún? — Ìyá ọlọ́jà, Ìkéré-Èkìtì.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìrọ́jú. Ẹ má ṣe yá owó náà.

Inú Máàkù orí 12 ni ìtàn opó yẹn wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí kà á láti ẹsẹ 38. Ẹ ó rí i pé kí Jésù tó jókòó kọjú sí àpótí ìṣúra, ó ti kọ́kọ́ bá àwọn akọ̀wé wí, àwọn tí ń wọ aṣọ gígùn kiri, tí wọ́n fẹ́ kí a máa kí wọn lọ́jà, tí wọ́n sì ń jẹ ilé àwọn opó run. Ẹsẹ 40 ni ọ̀rọ̀ ilé opó wà. Ní ẹsẹ 42, opó náà dé. Oníwàásù tó bá fo ti àkọ́kọ́, tó sì di ti ìkejì mú, ti gé ọ̀rọ̀ Olúwa kúrú. Jésù yin obìnrin náà, ṣùgbọ́n kò rán opó kankan lọ yáwó, kò sì ṣèlérí pé owó méjì yóò di ogún.

Ohun tó dùn mí jù nínú lẹ́tà yín ni pé ọwọ́ yín ni wọ́n ń wò. Nínú Diutarónómì 14:28-29, ìdámẹ́wàá ọdún kẹta wà fún ọmọ Léfì, àlejò, aláìníbaba àti opó, kí wọ́n jẹ, kí wọ́n sì yó.

Ọrọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọlọ́rọ̀ ni Jósẹ́fù ará Arimatíà tó gbé òkú Jésù sínú ibojì tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tálákà ni Jésù dojú kọ ní Lúùkù 6:20 tó pè wọ́n ní alábùkún-fún, bẹ́ẹ̀ ni òṣì ṣì wà lára wọn lọ́jọ́ náà. Ní Èkìtì wa níbí, àwọn èèyàn ń lọ sí ibojì Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Iṣẹ́ ìjọba, níbi tó ti ń wa ọkọ̀ tí ń tẹ ọ̀nà, ni ó fi sílẹ̀ ní 1928 láti wàásù. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fi owó wọn ìbùkún tirẹ̀.

Nípa ọrẹ yín, Kọ́ríńtì Kejì 8:12 sọ pé ohun tí èèyàn ní ni a fi ń tẹ́wọ́ gba ọrẹ rẹ̀, kì í ṣe ohun tí kò ní. Bí ó bá ṣẹ́ ku kóńgò gàrí kan lẹ́yìn oúnjẹ àti owó ilé-ìwé àwọn ọmọ, kóńgò náà tó. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ bá àwọn alàgbà ìjọ yín, kí ẹ sì béèrè ìrànwọ́ fún opó láìtijú, nítorí ní Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí 6, nígbà tí wọ́n gbàgbé àwọn opó kan níbi ìpín ojoojúmọ́, ọkùnrin méje ni ìjọ yàn láti bójú tó ọ̀rọ̀ náà.