Ẹ Bi Bàbá Onímáàsì: Nọ́ńbà Tó Wà Nínú Fóònù Àna Wa

ÌBÉÈRÈ

Bàbá Onímáàsì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin mi ń kọ́ wọn ní ìṣirò ní yunifásítì. Graph theory ló ní òun ń ṣe, èmi ò mọ ohun tó jẹ́. Níbi òkú ìyá ọkọ mi, àna wa kan tó ń ṣèwádìí oògùn ṣí fóònù, ó ní h-index òun jẹ́ 31, ti ọmọ mi jẹ́ 6. Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ mi kàn ń wolẹ̀ ni. Kí ni 6 yìí? Ṣé kò ṣiṣẹ́ ni?
Ìyá Olùkọ́, Ìjẹ̀bú-Òde

ÌDÁHÙN

Màmá, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ọ̀rọ̀ àna.

Bí ọ̀mọ̀wé bá kọ àpilẹ̀kọ, ó gbọ́dọ̀ dárúkọ iṣẹ́ àwọn tó lò. Ìyẹn ni ìtọ́kasí. Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì kan ní California, ló gbé h-index, òṣùwọ̀n tó ń fi ìtọ́kasí wọn iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé, jáde ní 2005. Ọmọ yín ní àpilẹ̀kọ 6 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti gba ìtọ́kasí 6, ó kéré tán. Kò tíì ní 7 tó gba 7. Bí ọ̀kan nínú mẹ́fà yẹn bá tiẹ̀ gba ẹgbẹ̀rún, 6 náà ni fóònù máa wí.

Graph tó ń ṣe kì í ṣe àwòrán tí ìwé ìròyìn fi ń ṣàlàyé owó epo. Ẹ fi àmì kan ṣe Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀kan Ṣàgámù, ọ̀kan Ẹ̀pẹ́, ọ̀kan Ìbàdàn, kí ẹ fa ìlà síbi tí títì bá ti so méjì pọ̀. Ó parí. Irú èrò yìí ni onímáàsì kan tó ń jẹ́ Euler lò ní 1736 tó fi hàn pé kò sí bí èèyàn ṣe lè rin afárá méjèèje ìlú Königsberg tán láìgba ọ̀kankan lẹ́ẹ̀mejì. Ìtọ́kasí gan-an, graph ni: àpilẹ̀kọ ni àmì, ìtọ́kasí ni ìlà tó ní ọfà lẹ́nu. Iṣẹ́ ọmọ yín ni àna yín fi ń yangàn, kò kàn mọ̀ ni.

Àgbà wa nínú iṣẹ́ yìí ni Paul Erdős, ọmọ Budapest tí wọ́n bí ní 1913. Kò nílé, kò láya. Àpótí lọ́wọ́, á ti ilé onímáàsì kan bọ́ sí ti òmíràn, wọn á jókòó ti ìṣòro kan, àpilẹ̀kọ á jáde. Nǹkan bí 1,500 ló kọ, àwọn tó bá a kọ ọ́ sì lé ní 500. A máa ń fi í ṣeré: ẹni tó bá a kọ̀wé, nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1, ẹni tó bá onítọ̀hún kọ, 2. Tèmi jẹ́ 4, mo sì máa ń sọ ọ́ níbi ìgbéyàwó.

Ní 1959 àti 1960, òun àti onímáàsì ẹgbẹ́ rẹ̀, Alfréd Rényi, béèrè pé: bí a bá da àmì rẹpẹtẹ sílẹ̀, tí a kàn ń fa ìlà láàárín wọn láìṣàṣàyàn, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Wọ́n rí i pé àmì á kọ́kọ́ wà ní ìdì kéékèèké. Gẹ́rẹ́ tí ìlà bá kọjá ìdajì iye àmì, ìdì gàgàrà kan á yọ. Àwa onímáàsì mọ iyì rẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìgbà tí àwọn olùṣèwádìí méjì, Watts àti Strogatz, kọ tiwọn lórí irú àsopọ̀ bẹ́ẹ̀ ní 1998, tí Barabási àti Albert tẹ̀ lé e ní 1999, ni àwọn onífísíìsì àtàwọn oníkọ̀ǹpútà ya bo iṣẹ́ Erdős àti Rényi yẹn, tí wọ́n ń tọ́ka sí i. Erdős ti kú ní 1996, ní Warsaw, níbi tó ti lọ ṣèpàdé máàsì, kí òjò yẹn tó rọ̀.

Ti oògùn yàtọ̀. Ogún èèyàn lè fọwọ́ sí àpilẹ̀kọ kan, kálukú á sì ka gbogbo ìtọ́kasí rẹ̀ mọ́ tirẹ̀. Tiwa, ẹni méjì tàbí mẹ́ta ni, a sì máa ń to orúkọ wa bí ábídí, nítorí náà kò sí aṣáájú. Àpilẹ̀kọ kan lè lo ọdún méjì lọ́wọ́ àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi ní ọ̀kan tí ìtọ́kasí rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin láti ọjọ́ tó ti jáde. Èmi fúnra mi ni mo ṣe ọ̀kan níbẹ̀.

Mi ò ní tàn yín, Màmá: ọ̀lẹ wà láàárín wa, 6 sì lè jẹ́ ti ọ̀lẹ. Ẹ pe ọmọ yín sí kọ̀rọ̀, kí ẹ bi í pé ta ló tọ́ka sí iṣẹ́ rẹ̀, kí ni wọ́n sì fi ṣe. Bó bá jẹ́ pé àlejò ló fi kọ́ nǹkan tuntun lé e lórí, ẹ fọkàn balẹ̀. Bó bá jẹ́ òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan, ẹ bá a sọ̀rọ̀.

Kó tún yẹ orúkọ rẹ̀ wò nínú Google Scholar, ibi tí ẹ̀rọ ti ń ka ìtọ́kasí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó fi àmì ohùn sí orúkọ lórí àpilẹ̀kọ kan, tó yọ ọ́ lórí òmíràn, tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan lórí ìkẹta, lè di ẹni mẹ́ta lójú ẹ̀rọ. Èmi pàdánù àpilẹ̀kọ méjì bẹ́ẹ̀ títí ọmọọmọ mi fi bá mi kó wọn jọ lọ́jọ́ Sunday kan.