Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ilé Tọkọtaya Lórí Ilẹ̀ Ẹbí

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni èmi àti ọkọ mi ní Àkúrẹ́, a sì ti pinnu pé a kò ní máa san owó ilé fún onílé títí ayé. Ẹbí ọkọ mi ní oko kòkó kan lójú ọ̀nà Ìdànrè, àwọn àgbà sì ti fi ẹnu sọ fún un pé kí ó mú ibi tí ó bá wù ú níbẹ̀ kí ó kọ́lé sí. Owó tí mo fẹ́ yá lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa ni a ó fi fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ní oṣù Kẹta. Ọkọ mi ní ilẹ̀ bàbá òun kò nílò ìwé kankan. Ṣé òótọ́ ni? Àpáta sì pọ̀ níbẹ̀. Kí ni kí a ṣe nípa omi? Ǹjẹ́ oṣù Kẹta tilẹ̀ dára fún iṣẹ́ ilé?

Ìyá ọlọ́mọ méjì, Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN

Ẹ ṣeun, ìyá wa. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni a ó fi ṣíwájú, a ó sì pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni owó yín ti lè há.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí ọkọ yín sọ. Ọmọ ẹbí lè kọ́lé sórí ilẹ̀ ẹbí bí àwọn àgbà bá yọ̀ǹda fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ láti gbé ibẹ̀ àti láti lò ó ni wọ́n fún un. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ ti gbogbo ẹbí lábẹ́ òfin ìbílẹ̀ tí àwọn ilé ẹjọ́ wa ń tẹ̀ lé, ilé tí ó bá sì kọ́ síbẹ̀ kò yí èyí padà, ìbáà jẹ́ ilé alájà. Kò lè dá a tà, kò lè fi ṣe ìdúró láti yá owó ní báńkì, kò sì lè fi sínú ìwé ìhágún bí ẹni pé tirẹ̀ nìkan ni. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978, tí ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, kò pa ẹ̀tọ́ ẹbí yìí rẹ́.

Ẹ wá wo ipò tiyín. Ní ti ilẹ̀, ìyàwó kì í ṣe ọmọ ẹbí ọkọ rẹ̀. Ní 1957, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ láìfi bò pé nínú àṣà Yorùbá, ìyàwó kì í jogún ọkọ rẹ̀. Ìgbéyàwó lábẹ́ òfin, ìbáà jẹ́ ní kọ́ọ̀tù tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún ní àṣẹ, lè mú kí òfin mìíràn darí pípín ohun ìní ọkọ, ṣùgbọ́n kò sí ìgbéyàwó tí ó ń sọ ilẹ̀ ẹbí di ti ẹnì kan ṣoṣo. Owó tí ẹ ó máa fi owó oṣù yín san padà díẹ̀díẹ̀ ni ẹ fẹ́ rì mọ́ ilẹ̀ tí orúkọ yín kò sí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá. A kò sọ èyí láti gbin ìfura sáàárín ẹ̀yin méjèèjì. Ọkọ yín gan-an ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ ká lára, nítorí pé bí òun bá ṣaláìsí, ìyá àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò máa ṣàlàyé fún àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ nípa ilé tí òun náà dá owó sí.

Kí ọkọ yín lọ bá olórí ẹbí, kí ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yọ apá kan nínú ilẹ̀ náà fún òun pátápátá, pẹ̀lú ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu olórí ẹbí nìkan kò tó, nítorí pé aṣojú ìdí kọ̀ọ̀kan nínú ẹbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pẹ̀lú wọn; bí olórí ẹbí bá dá ilẹ̀ fi tọrẹ lẹ́yìn àwọn yòókù, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e. Kí agbẹjọ́rò ni ó kọ ìwé náà, kí sọ́fíyọ̀ tí ó ní àṣẹ sì wọn ilẹ̀, kí ó gbé ẹ̀dà àwòrán rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì àwọn sọ́fíyọ̀ ìjọba ní Àkúrẹ́, níbi tí wọn yóò ti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìjọba ti gba ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá ti di ti ọkọ yín, òun ni yóò wá fi orúkọ yín mọ́ tirẹ̀ nínú ìwé. Láti ọjọ́ tí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ máa tọ́jú rìsíìtì símẹ́ǹtì, irin àti páànù ní orúkọ ẹni tí ó sanwó, nítorí pé ẹ̀rí ni ilé ẹjọ́ máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá sọ pé òun lọ́wọ́ nínú ilé.

Bí ẹbí bá kọ̀, ẹ má bá wọn jà, ẹ má sì kọ́lé síbẹ̀. Ẹ ra ilẹ̀ síbòmíràn, kódà bí ó bá kéré, kí orúkọ ẹ̀yin méjèèjì sì wà lórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èrò wa nìyẹn, a sì dúró lé e.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ kò béèrè: ta ni ó ń ṣe oko kòkó náà? Ní agbègbè Ìdànrè àti Oǹdó, ọ̀pọ̀ oko ni ó wà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ alátìpó tí wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀. Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni gé igi kòkó tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbìn tí ó sì tọ́ dàgbà, láìjẹ́ pé a ti bá a sọ̀rọ̀ kí a sì ti san owó igi fún un.

Ní ti omi, ìbẹ̀rù yín tọ̀nà. Irú àpáta líle tí ó yọrí ní Òkè Ìdànrè ni ó tẹ́ lábẹ́ ilẹ̀ títí dé Àkúrẹ́. Inú erùpẹ̀ àpáta tí ó ti jẹrà, tí ó bo àpáta líle lórí, àti ojú ibi tí àpáta ti sán, ni omi máa ń wà, ìdí nìyẹn tí kànga kan fi ń lómi tí èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì gbẹ. Ẹ kọ́kọ́ pe àwọn tí ń fi ẹ̀rọ yẹ abẹ́ ilẹ̀ wò. Wọn kò ṣòro rí ní Àkúrẹ́, nítorí pé FUTA, yunifásítì tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1981, ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ náà. Oṣù Kejì tàbí oṣù Kẹta ni kí ẹ gbẹ́ kànga, nígbà tí omi bá ti lọ sílẹ̀ jù lọ, nítorí pé kànga tí a gbẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án lè fi omi òjò tan yín jẹ. Kí ó jìnnà sí sọ́kàwéè tó mítà 30, kí sọ́kàwéè sì wà ní ìhà tí ilẹ̀ dà sí. Bí gígùn ilẹ̀ yín bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 120, tí í ṣe nǹkan bíi mítà 36, ọ̀kan ní láti wà ní igun iwájú, èkejì ní igun ẹ̀yìn, nítorí náà ẹ sọ fún ẹni tí yóò ya àwòrán ilé kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Èyí ni a fi ń sọ pé kànga ni kí ẹ fi oṣù Kẹta ṣe, kì í ṣe ìpìlẹ̀. Bí ìwé kò bá tilẹ̀ tíì jáde, owó kànga kéré sí owó ilé, ẹbí pàápàá yóò sì mu nínú rẹ̀. Ẹ má tíì gba gbogbo owó yíyá náà, nítorí èlé. Oṣù Kẹta ni òjò ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú ìjì tí ń ṣí páànù, ó sì di oṣù Kọkànlá kí ilẹ̀ tó gbẹ dáadáa. Nígbà náà ni kí ẹ gbẹ́ ìpìlẹ̀, kí ẹ máa fi omi kànga yín po símẹ́ǹtì, kí ẹ sì máa bu omi sí búlọ́ọ̀kù fún ọjọ́ 7 ó kéré tán, nítorí pé ọyẹ́ ń tètè fa omi inú rẹ̀ gbẹ. Bí owó bá tó láti dé òrùlé, kí bíríkìlà fi irin sílẹ̀ nínú kọnkéré orí ògiri tí káfíńtà yóò fi di igi òrùlé mú, kí ìjì tó ń bọ̀ má baà gbé e.

Àárín oṣù òjò ni kí ẹ fi ṣe ìpàdé ẹbí, kí sọ́fíyọ̀ àti agbẹjọ́rò sì parí iṣẹ́ wọn. Bí ìwé kò bá tíì jáde nígbà tí oṣù Kọkànlá bá dé, ẹ jẹ́ kí owó ìpìlẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́.